Tòlótòló Nínú Fíríísà: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ọ̀wọ́ Ìtàn Apanilẹ́rìn-ín Nípa Àwọn Júrì

Obìnrin kan dúró ní kíṣìnì rẹ̀ ní Peckham, ní London, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Ó gbé tòlótòló dídì kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Tòlótòló yòókù wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi. Fíríísà ńlá wà níwájú rẹ̀, ó ṣófo, iná wà, ó tutù dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ń bi í pé kí ló dé tí kò kó ẹran sí i. Kò lè dáhùn, torí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dí i lẹ́nu.

Irú ìtàn tí mo fẹ́ kí a jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nìyẹn: ìtàn kéékèèké tó so kọ́ra, tó ń pani lẹ́rìn-ín, nípa àwọn ará ìlú méjìlá tí kóòtù pè wá gbọ́ ẹjọ́. Ní Nàìjíríà òde òní, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó sì ń dá a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tí ẹ̀sùn bá le débi tó fi dé Crown Court tí olùjẹ́jọ́ sì ní òun kò jẹ̀bi, awakọ̀, onídìrí, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló máa pinnu bóyá ó jẹ̀bi. Àwọn la ń pè ní júrì.

Mo ti jókòó sí júrì rí ní London, mo sì ti ń kọ ìtàn kéékèèké láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó dá mi lójú nínú iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rín tó wà nínú ayé àwọn júrì kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń jiyàn. Ó wà nílé, nínú bọ́ọ̀sì, lórí ìlà tíì, nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Èèyàn méjìlá gbé ọ̀rọ̀ kan náà sínú, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, olúkúlùkù wọn sì ń padà sílé lọ bá ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Kò sí ohun kékeré tí kì í di wàhálà sí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò gbọ́dọ̀ sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bí lẹ́tà ìpè sí júrì ṣe ń wọlé

Kí ẹ tó ronú kan ẹnikẹ́ni, ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, torí inú ètò ọ̀hún gan-an ni ẹ̀rín ti ń yọ. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣa orúkọ jáde nínú ìwé àwọn olùdìbò, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké. Ẹni ọdún 18 sí 75 ni wọ́n ń pè, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ti gbé ní UK fún ọdún 5 léraléra láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 13. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè wà nínú ìwé olùdìbò níbẹ̀, torí pé orílẹ̀-èdè Commonwealth ni Nàìjíríà. Fún ìdí yìí, ìyá tí kò ní páálí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá lè ṣàdédé rí lẹ́tà pé kó wá jókòó ṣe ìpinnu lórí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn kìíní yín ti wà nínú gbólóhùn yẹn.

Wọ́n ń retí èsì láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí i lè san tó £1,000 ìtanràn. Tí ìgbà náà kò bá rọrùn, èèyàn lè ní kí wọ́n sún un síwájú, ẹ̀ẹ̀kan péré, láàárín oṣù 12. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló sábà máa ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ míì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba kì í san owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdánù owó lè gba tó £64.95 lójúmọ́ láàárín ọjọ́ 10 àkọ́kọ́. Owó oúnjẹ ti wà ní £5.71 fún ọdún púpọ̀. Ẹ kọ iye yẹn sórí ògiri níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tí alásè ará Peckham kan máa sọ tó bá gbọ́ pé £5.71 ni wọ́n fi ń bọ́ àgbàlagbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní London.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kún fún ìdúró. Wọ́n á yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lè ní kí o mu díẹ̀ nínú omi ọwọ́ rẹ lójú wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé omi ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ó jókòó nínú yàrá ńlá kan títí wọ́n á fi pe orúkọ. Ẹlòmíì lè lo odindi ọjọ́ níbẹ̀ láì fojú kan adájọ́. Tí ẹjọ́ bá dé, akódà kóòtù sábà máa ń kó èèyàn bíi 15 wọlé, akọ̀wé á da káàdì orúkọ wọn rú bí ẹni da káàdì ayò rú, á sì pe 12. Àwọn tó kù á padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n pè á búra, ó lè fi Bíbélì tàbí Kùránì ṣe é, ó sì lè jẹ́jẹ̀ẹ́ láì mú ìwé mímọ́ kankan dání.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ

Ẹ má fo ibí yìí, torí ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Òfin Juries Act ti ọdún 1974, ní apá 20D tí wọ́n fi òfin ọdún 2015 kún un, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tú ohun tí àwọn júrì sọ nígbà tí wọ́n ń fikùn lukùn síta: èrò ẹnikẹ́ni, àríyànjiyàn wọn, ẹni tó dìbò síbí àti ẹni tó dìbò sọ́hùn-ún. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Kò ní àsìkò tó ń tán. Ẹni tó jókòó sí júrì ní ogún ọdún sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lónìí.

Tí wọ́n bá ti pè yín rí bíi tèmi, ẹ má mú ohunkóhun jáde látinú yàrá ìpinnu wá sínú ìtàn, kódà kí ẹ yí orúkọ padà, kódà kí ẹ sọ olè di ọlọ́tí. Ohun tí mo mú jáde ní tèmi ni òórùn kọfí yàrá ìdúródè, àga kan tó ń ké bí ọmọ ẹyẹ, àti bàbá kan tó fi ìwé ìròyìn bojú tó sì ń han-run wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí gbogbo ayé gbọ́ nínú kóòtù gbangba ṣeé sọ lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti parí, ìdájọ́ náà ṣeé sọ. Ìdí ìdájọ́ náà ni kò ṣeé sọ.

Àwọn kan lè rò pé òfin yìí á pa ìtàn. Ní tèmi, òun ló gbà mí lọ́wọ́ àṣejù. Ó lé mi kúrò nínú yàrá tí gbogbo èèyàn ti kọ nípa rẹ̀, ó lé mi lọ sí kíṣìnì, mo sì bá ìtàn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ hun ẹjọ́ kékeré kan

Ẹjọ́ inú ìwé yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín hun, kí ó má sì sí òkú nínú rẹ̀. Olè jíjà dára. Nínú òfin wọn, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn lè ní júrì ni òun fẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ òun, nítorí náà ẹ̀sùn tó dà bíi pé kò tó nǹkan lè dé iwájú èèyàn méjìlá láì purọ́ mọ́ òfin. Ẹ kọ ẹjọ́ náà sórí ìdajì ojú ìwé kan ṣoṣo: ta ni, kí ló gbé, kí ni ẹ̀rí, kí sì ni ìbéèrè kan tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Tèmi rèé. Wọ́n ní awakọ̀ kan jí tòlótòló 30 ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ọlọ́pàá ní inú fíríísà kan ṣoṣo nílé rẹ̀ làwọn ti bá gbogbo rẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ní irú fíríísà bẹ́ẹ̀ kò lè gba 30 láéláé, pé ẹni tó ka ẹran náà ṣì í kà. Wọ́n fi fọ́tò fíríísà náà han àwọn júrì. Báyìí, ẹ fi obìnrin kan tó ti ń sè fún òde àríyá láti ọdún 22 sáàárín àwọn méjìlá. Irú fíríísà yẹn gan-an ló wà nílé rẹ̀. Ó sì ti gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan tó máa wáyé ní Sátidé lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já tòlótòló 30 sílẹ̀ fún un.

Òfin kan náà ti ọdún 2015 ló ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ fún wa. Júrì kò gbọ́dọ̀ wádìí ohunkóhun nípa ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gbọ́dọ̀ lọ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dán nǹkan wò láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Tí alásè wa bá kó tòlótòló 30 sínú fíríísà rẹ̀, kí ló ń ṣe: ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni, àbí ó ń wádìí ẹjọ́? Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

Bàbá Fọlá yọjú sí kíṣìnì, ó wo ilẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Màmá Fọlá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Bàbá Fọlá."

"Tòlótòló ti ń sunkún nílẹ̀ yìí."

"Mo rí wọn."

"Ṣé fíríísà ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Ó dáa, jẹ́ n bá ẹ kó wọn sí i." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àkọ́kọ́. "Ení..."

"Ẹ má kà á!"

Bàbá Fọlá dúró, ẹran lórí àyà, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. "Kí ni mo kà?"

"Ẹ ti ka ení. Ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá máa kó wọn, ẹ má kà wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúrò níbí. Tí fíríísà bá kún, ẹ má sọ fún mi pé ó kún. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má sọ fún mi pé ó ṣẹ́ kù."

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó rọra béèrè, bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn: "Ṣé o jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan ni?"

Ó rántí Bíbélì tó gbé sókè lọ́jọ́ Ajé níwájú adájọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́."

Ó gòkè lọ, ó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ṣí omi kó máa ṣàn. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀: gbì. Gbì. Gbì. Ó mú orin ìjọ bọ ẹnu kí ọkàn rẹ̀ má baà bá wọn kà á. Nígbà tó kọrin dé ẹsẹ̀ kẹta, gbì náà dákẹ́. Ó yára bẹ̀rẹ̀ orin míì kó má baà ronú nípa ìdí tó fi dákẹ́.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí yàrá ìpinnu, n kò ṣàlàyé òfin, Màmá Fọlá kò sì ya òmùgọ̀. Òun lẹni tó dúró ṣinṣin jù nínú ilé yẹn, ìdúróṣinṣin rẹ̀ ló sì ń fa gbogbo wàhálà náà. Tí ẹ bá rí i pé ẹni inú ìtàn yín ń pani lẹ́rìn-ín torí pé kò gbọ́n, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan èèyàn, ẹ má yan méjìlá

Ìtàn 7 tó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn kan fún júrì kọ̀ọ̀kan á ti rẹ̀ nígbà tó bá dé ìkẹjọ, òǹkàwé á sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí márùn-ún yòókù máa kọjá lẹ́yìn bí òjìji: ẹni tó máa ń wúkọ́, ẹni tó ní agbòjò pupa.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣa orúkọ láìwojú ni kí ẹ̀yin náà ṣe yan wọ́n. Ẹ má kó Yorùbá méje jọ, London kò rí bẹ́ẹ̀. Fún olúkúlùkù, ẹ dáhùn ohun mẹ́ta: ta ló ń retí rẹ̀ nílé tó sì fẹ́ gbọ́? Iṣẹ́ kékeré wo ló gbọ́dọ̀ parí kó tó sùn? Ibo ni iṣẹ́ náà ti máa forí gbárí pẹ̀lú ìbúra rẹ̀?

Onídìrí ni mo fẹ́ràn jù, torí ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn obìnrin kì í rin ìrìn bọ́ọ̀sì méjì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ torí irun nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ló ń ṣiṣẹ́ ní àkókò ẹjọ́, kò sì lè sọ ohunkóhun, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, wọ́n ti pinnu láàárín ara wọn pé ọkọ rẹ̀ ti já a sílẹ̀, ẹni mẹ́ta sì ti gbé oúnjẹ wá kí i. Ẹ tún fi akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 kan kún un tí fóònù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí fún wákàtí kan, kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu yàrá ìpinnu. Ẹ fi olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kún un, ẹni tó ti ń múra ọ̀rọ̀ olórí júrì sílẹ̀ níwájú dígí láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, tí wọ́n sì yan ẹlòmíì. Ẹ sì fi bàbá kan kún un tó ti ń ṣe iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán pọ̀ fún ọdún 11, tó jẹ́ pé yàrá ìdúródè kóòtù ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kó jókòó kó má ṣe nǹkan kan. Kò fẹ́ kí ẹjọ́ parí. Ìtàn tiẹ̀ á pa yín lẹ́rìn-ín, á sì dùn yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ so wọ́n kọ́ra

Ẹni tó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ní kékeré ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àlọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ọmọ tó sùn lọ lálẹ́ àná kò ní sọnù nínú ti òní. Ṣùgbọ́n Yánníbo ni ìyàwó rẹ̀ nínú gbogbo wọn, ọ̀kánjúwà rẹ̀ kò sì yí padà, bí a bá sì ti gbọ́ mẹ́wàá, a ti mọ Ìjàpá ju bí a ṣe mọ aládùúgbò wa lọ. Ohun tí ọ̀wọ́ ìtàn ń ṣe nìyẹn.

Okùn mẹ́ta ni mo fi ń so tèmi. Èkíní ni ọjọ́ 10: ìtàn kọ̀ọ̀kan jókòó lórí ọjọ́ tirẹ̀, ó sì ń lọ síwájú, kò gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn. Èkejì ni ohun kan tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú ìtàn kìíní, Màmá Fọlá gbé kúlà àkàrà wá sí kóòtù nítorí £5.71 yẹn. Nínú ìkejì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì mú mẹ́rin lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ mọ obìnrin tó ń dín àkàrà fún un. Nínú ìkẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ wa tí kò lè fi fóònù ya fọ́tò àkàrà náà gbìyànjú láti ṣàpèjúwe adùn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tó fi ẹnu lásán sọ nǹkan fún ẹlòmíì. Ìdérí kúlà náà sọnù ní ọjọ́ kẹfà. Ẹ má sọ ẹni tó gbé e títí di ìtàn ìkẹyìn.

Ìkẹta ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí a rí lẹ́ẹ̀mejì. Agogo iná dún lọ́jọ́ Ọjọ́rú, gbogbo wọn sì tú jáde sí ìta nínú òjò. Lójú olùkọ́, ìgbà yẹn ló fi hàn pé òun ló yẹ kó jẹ́ olórí, torí òun ló tò wọ́n sórí ìlà. Nígbà tí a bá dé ìtàn onídìrí, a ó rí i pé ìlà náà ti dí ọ̀nà ọkọ̀ panápaná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ lo irú èyí nínú ìwé kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orúkọ, "ẹ" àti "o"

Ibí yìí ni iṣẹ́ Yorùbá ti le jù, ibẹ̀ náà ni èrè pọ̀ sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kóòtù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní fún ọmọdé àti àgbà. Àwa gbọ́dọ̀ yan. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 tó jẹ́ òyìnbó ṣe máa bá ìyá ẹni ọdún 62 sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yín? Tí ẹ bá fi "ẹ" sí i lẹ́nu, ẹ ti fún un ní ẹ̀kọ́ ilé tí kò kọ́. Tí ẹ bá fi "o" sí i, òǹkàwé á rò pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ dáadáa ni. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń jẹ́ kó lo "o" ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí Màmá Fọlá gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ kí wọ́n fọ́ àwo. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, tó ń jẹ àkàrà rẹ̀, mo máa ń yí i sí "ẹ" láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òǹkàwé Yorùbá á rí i. Kò sí èdè tí mo mọ̀ tó tún lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Orúkọ náà ńkọ́. Nígbà tí akọ̀wé pe káàdì, "Agnes" ló pè. Obìnrin wa jókòó, ó ń wo yíká, ó ń káàánú Agnes tó fẹ́ pẹ́ dé. Ọdún 33 ti kọjá tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Màmá Fọlá ni ní ìjọ, ní ọjà, ní ilé. Akọ̀wé pè é nígbà kejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí.

Ẹ má sọ Yorùbá àwọn àjèjì di játijàti láti fi hàn pé àjèjì ni wọ́n. Ẹ fún gbogbo wọn ní Yorùbá tó dáa, kí ẹ fi ìṣe wọn yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì lo ohun tí a ní: gbì, wẹ́rẹ́, pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ràkọ̀ràkọ̀. Ọ̀rọ̀ adúnbíìró kan tó bọ́ sí àyè rẹ̀ sàn ju gbólóhùn mẹ́ta tó ń ṣàlàyé pé nǹkan ń pani lẹ́rìn-ín lọ. Bàbá àgbà kan láti Ìbàdàn tó gbọ́ lórí fóònù pé ọmọ òun ti búra ní kóòtù London lè bèèrè pé, "Ṣé irin ni wọ́n fún ọ fẹnu kàn?" Ìbéèrè gidi ni lẹ́nu rẹ̀, torí wọ́n ń fi irin Ògún búra ní kóòtù wa nílé. Ẹ jẹ́ kó bèèrè rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ọmọ rẹ̀ sì dáhùn tọkàntọkàn.

Olùjẹ́jọ́ nìkan ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Òmìnira rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ẹ fún un ní ìyàwó kan tó ń wá jókòó lójoojúmọ́ pẹ̀lú báàgì kan náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má bẹ̀rù pé kò ní ṣeé gbà gbọ́

Ìtàn gidi ti kọjá ibi tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní 1670, ní Old Bailey, kóòtù ńlá kan ní London, wọ́n gbé William Penn àti William Mead wá sí ẹjọ́ nítorí ìpàdé ìsìn tí wọ́n ṣe lójú títì. Àwọn júrì kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ti àwọn júrì náà mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná tí wọ́n á yá, síbẹ̀ wọn kò yí ohùn padà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn. Edward Bushel, ọ̀kan nínú àwọn júrì náà, kọ̀, kò san án, títí Adájọ́ Àgbà Vaughan fi sọ pé a kò lè fìyà jẹ júrì torí ìpinnu rẹ̀. Òkúta ìrántí wọn wà ní Old Bailey títí dòní. Ìgbàkigbà tí mo bá ń kọ nípa kúlà àkàrà yẹn, àwọn méjìlá tí ebi pa yẹn ló máa ń wà lọ́kàn mi.

Ní Sydney ní 2008, ẹjọ́ oògùn olóró kan ti lo ju ọjọ́ 60 lọ kí wọ́n tó rí i pé àwọn kan nínú júrì ń ta ayò Sudoku, ayò tí wọ́n ń fi nọ́ńbà kọ sórí ìwé. Adájọ́ ti rò pé àkọsílẹ̀ ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ. Wọ́n tú ẹjọ́ náà ká. Ẹ má kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an. Ẹ mú àṣìrò adájọ́ yẹn, ẹni tó ń wo orí tó tẹ̀ ba tí inú rẹ̀ sì ń dùn, kí ẹ fi sí ibòmíì.

Ní 1994 ẹ̀wẹ̀, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn júrì mẹ́rin tí wọ́n fi sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nígbà ẹjọ́ ìpànìyàn kó bébà tí wọ́n kọ lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì sí àti ife jọ lóru, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá òkú sọ̀rọ̀ kó sọ ẹni tó pa òun. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, wọ́n sì tún ẹjọ́ gbọ́. Àwọn èèyàn máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè ṣe é, torí òkú gidi ni, wọ́n sì ní ẹbí. Ibẹ̀ ni ààlà mi wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọjọ́ ìdájọ́

Adájọ́ máa ń fẹ́ kí gbogbo wọn fẹnu kò. Tí ó bá ti ju wákàtí 2 lọ tí wọn kò tíì fẹnu kò, ó lè gba ìpinnu ẹni 10 sí 2 tàbí 11 sí 1. Tí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi lọ́nà yìí, olórí wọn gbọ́dọ̀ sọ iye tó gbà àti iye tó kọ̀ ní gbangba. Tí wọ́n bá ní kò jẹ̀bi, wọn kì í béèrè iye. Nítorí náà, bí ẹ bá dá awakọ̀ yín sílẹ̀, kò sí ẹni nínú ayé ìtàn náà, yàtọ̀ sí àwọn méjìlá, tó máa mọ̀ láéláé bóyá Màmá Fọlá wà níbí tàbí ó wà lọ́hùn-ún. Mo ní kí ẹ dá a sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ pamọ́ fún òǹkàwé náà.

Kí ẹ wá mú un padà sílé. Kóòtù gbangba ni wọ́n ti ka ìdájọ́, ó ti lè sọ ọ́. Láti orí bọ́ọ̀sì ló ti ń tò ó lẹ́nu. Nígbà tó wọlé, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá Fọlá ní "Káàbọ̀" láì yíjú padà. Ẹni tó fi ọjọ́ 10 bèèrè kò bèèrè mọ́. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó lọ sí kíṣìnì, ó ṣí fíríísà, torí ìgbéyàwó wà lọ́la. Ó ń kó tòlótòló jáde, ó ń kà wọ́n sókè báyìí. Kí ìtàn náà parí kó tó dé ọgbọ̀n.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá kà á sókè fún ẹnì kan tí kò dé kóòtù rí, nígbà tó bá ń dáná. Níbi tó bá ti bi yín pé "Ta tún nìyẹn?", orúkọ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Níbi tó bá ti bi yín pé "Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?", ẹ padà lọ yẹ òfin wò. Níbi tó bá ti gbàgbé ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná, ẹ má fọwọ́ kàn án.